Ohun Tí Mo Kọ́ Lórí Línúùsì Tí Rọ́fíátù Fi Sílẹ̀ Fún Mi

Òkè-Sópẹ̀n,
Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Rọ́fíátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Mo kí ọ, bàbá rẹ náà kí ọ. Ara wa le, álíhámdúlílàhì. Má jẹ́ kí àyà rẹ já pé o rí lẹ́tà. Kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn níbí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ ló pọ̀ ju ohun tí a lè sọ tán lórí fóònù, pàápàá níbi tí o wà nísinsìnyí, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró kí èèyàn parí gbólóhùn kan. Fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́, orí láptọ́ọ̀pù kékeré tí o tún ṣe fún mi kí o tó lọ. Mo fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀ bí agbára mi ṣe mọ. Bí o bá rí àṣìṣe, ojú mi ló fà á, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Mo ti ń ro ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. O ní ọ̀gá ilé-ìwé tuntun tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Ibiadé ṣí yàrá kan fún ọ, kọ̀ǹpútà àtijọ́ mọ́kànlá sì wà níbẹ̀ tí eruku ti bò. O ní ètò tó wà nínú wọn ti wúwo jù fún wọn, o sì sọ fún ọ̀gá pé o lè fi Línúùsì fífúyẹ́ rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí o fi sí tèmi. Inú wọn dùn. Wọ́n wá ní kí o kọ́kọ́ kọ́ àwọn olùkọ́ kí o tó kọ́ àwọn ọmọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Àgbà olùkọ́ kan rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ yìí, ẹ̀rọ tó ti kú lo fẹ́ jí?” Àwọn yòókù, bí wọ́n bá tẹ nǹkan kan tí kò ṣí, wọn á dìde, wọn á ní àwọn ní kíláàsì.

Ohùn rẹ lọ sílẹ̀ nígbà tí o sọ pé, “Màmá, ó ń ṣe mí bíi kí n kàn ṣe gbogbo ẹ̀ fún wọn, kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Mo ní kí o fún mi ní ọjọ́ mélòó kan kí n fi ronú. Ohun tí mo rò rè é.

Èmi kò mọ kọ̀ǹpútà tó ọ, n kò sì lè mọ̀ ọ́n tó ọ láéláé. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun kan tí ìwọ ti gbàgbé nítorí pé ó ti pẹ́ tí o ti mọ̀ ọ́n ṣe. Mo mọ bó ṣe ń rí lára àgbàlagbà tó ń bẹ̀rẹ̀. Ìwọ lo kọ́ mi. Nítorí náà, bí mo bá ń gbà ọ́ nímọ̀ràn nínú lẹ́tà yìí, ohun tí mo rí lọ́wọ́ rẹ ni mo ń dá padà fún ọ. Àṣìṣe tèmi nìkan ni mo fi kún un.

Ìkíní, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tijú láti béèrè.

O rántí Àlùfáà Múnírù ti Àwà, bàbá tó ní ilé-kéwú. Ọ̀sẹ̀ tí o lọ gan-an ni wọ́n gbé ìwé àfọwọ́kọ wá bá mi, ìtàn ilé-kéwú wọn àti orúkọ gbogbo ẹni tó ti ka Kùránì parí níbẹ̀ láti ayé bàbá wọn. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, Lárúbáwá sì wà láàárín láàárín. Wọ́n fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ ní ìwé kékeré kí wọ́n lè pín in lọ́jọ́ wólímọ̀ àwọn ọmọ kéwú wọn. Mo ní, “Àlùfáà, ṣé kì í ṣe pé ẹ lè dúró kí ọmọ mi wá sílé?” Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún. Wọ́n ní, “Ìyá Rọ́fì, ojú mi ń ṣú. Mo fẹ́ rí ìwé náà kí n tó dẹni tí kò ní lè rí i mọ́.”

Kí ni mo fẹ́ sọ sí èyí? Mo gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ètò ìkọ̀wé fífúyẹ́ tó bá ẹ̀rọ náà wá kò lè gbé iṣẹ́ náà. Mo nílò èyí tó tóbi, tí o júwe fún mi. Mo mú ìwé tí o kọ sílẹ̀ fún mi, mo ṣí ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, mo tẹ ohun tí o kọ lẹ́tà dé lẹ́tà. Ó ní kí n tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Mo tẹ̀ ẹ́. N kò rí nǹkan kan. Kò sí ìràwọ̀, kò sí àmì kankan. Mo rò pé kíbọ́ọ̀dù ti kú. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lára. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo fi ìka gún un bí ẹni ń gún iyán. Ó ní mo ṣì í tẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo dìde, mo lọ kírun Àsárì, mo sì ń bi ara mi lórí ẹní ìkírun pé kí ló gbé èmi ìyá àgbà dé ìdí irú nǹkan yìí.

Mo pè ọ́. Mo ti mọ ohun tí mo máa ń rí lójú àwọn ọmọ ìwòyí bí èèyàn bá bi wọ́n ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ìwọ kò rẹ́rìn-ín rárá. O ní, “Màmá, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń tẹ̀. Kò kàn fẹ́ kí ẹni tó bá jókòó tì yín mọ iye lẹ́tà tó jẹ́ ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tán, kí ẹ tẹ ẹ́ńtà.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ṣí.

Àbẹ̀kẹ́, o kò mọ ohun tí o ṣe fún mi lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ títẹ̀wé, ọ̀gá mi ní rúlà onígi kan. Bí o bá béèrè ohun tí wọ́n ti sọ lẹ́ẹ̀kan, orí ìka rẹ ni rúlà náà yóò bà lé. Mo yára kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́dọ̀ wọn, ìyẹn ni pé kí n má ṣe béèrè nǹkan kan. Odidi ọdún kan ni n kò fi mọ̀ pé bọ́tìnnì kan wà tó ń gbé èèyàn fò lọ sí àárín ìlà. Mo ń tẹ bọ́tìnnì àlàfo lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo ń kà á lábẹ́ ètè, mo sì ń ṣe bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Iṣẹ́ tó yẹ kí n fi wákàtí kan ṣe, ilẹ̀ á ṣú mọ́ mi lórí rẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà, lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti nà nítorí ìbéèrè, yóò yàn láti ṣìnà.

Nítorí náà, kí o tó sọ̀rọ̀ kankan fún àwọn olùkọ́ yẹn, sọ ti páásíwọ́ọ̀dù fún wọn. Sọ pé ìyá rẹ fẹ́ atẹ́gùn sí kíbọ́ọ̀dù. Jẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi kò sí níbẹ̀, kò ní dùn mí.

Ohun kejì ni pé kí o jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí a ti ń mú nǹkan.

Mo mọ̀ pé o ti sọ ọ́ fún mi. O ní, “Màmá, bí ẹ bá ń wá ètò kan, ẹ má lọ máa wá a kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilé ìsọ̀ wà nínú ẹ̀rọ yín. Àwọn tó ṣe Línúùsì yìí ti yẹ ohun tó wà níbẹ̀ wò.” Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́. Ohun tí mo ti mọ̀ láti ogún ọdún ni pé, bí o bá fẹ́ nǹkan, o máa wá a lọ, o máa dáńlóòdù ẹ̀, o máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí àṣẹ tí mo tẹ̀ sọ pé òun kò rí ètò ìkọ̀wé náà, mo gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ. Mo rí àwòrán rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o ṣe júwe rẹ̀. Mo dáńlóòdù rẹ̀ títí dátà mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ náà kàn ń wò mí. Èyí tí wọ́n ṣe fún Wíńdòsì ni mo gbé wá. Bí ẹni tó ra kọ́kọ́rọ́ ilé ẹlòmíràn ni mo ṣe rí.

Ohun tó sì fà á tí kò fi rí i nínú ilé ìsọ̀ ni pé n kò kọ́kọ́ sọ fún un kó lọ wo ohun tó wà lọ́jà lónìí. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé rẹ ni, mo fò ó nítorí pé mo rò pé ìkíni lásán ni. Nígbà tí mo padà ṣe é, ètò náà jáde wọ̀ọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ó kù díẹ̀ kó parí ni iná lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù yẹn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ó kú. Nígbà tí mo tàn án padà, ohunkóhun tí mo bá ní kó ṣe, ó kọ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn ló ń kọ sí mi. Mo pa á, mo tàn án, mo tún pa á. Bàbá rẹ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó jẹ́ pé pákó ló là ní gbogbo ayé rẹ̀, ló bi mí pé, “Kí ni ohun tó ń kọ yẹn ń wí?” Mo ní ó ń bú mi. Ó ní, “O ti kà á?” N kò tíì kà á. Nígbà tí mo kà á, Àbẹ̀kẹ́, ṣé o mọ̀ pé àṣẹ tí màá tẹ̀ láti tún un ṣe wà nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an? Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ dúró láàárín, ó sì ní kí n tẹ báyìí báyìí. Mo tẹ̀ ẹ́, ó gbé e láti ibi tó ti dúró.

Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí èèyàn? Wọ́n ń sọ fún mi ohun tí màá ṣe, èmi ń rò pé èébú ni.

Èyí tó kàn yìí ló mú kí n kọ lẹ́tà. N kì bá ti lè sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù.

Ètò ìkọ̀wé ti dé, Yorùbá ti ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n lẹ́tà Lárúbáwá tó wà nínú ẹ̀rọ kò dára. Àlùfáà wò ó, wọ́n ní ó dà bí ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ wàláà. Mo tún gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí kọ àṣẹ mẹ́ta síbẹ̀, ó ní wọn yóò gbé lẹ́tà Lárúbáwá tó rẹwà wá. Mo dà á kọ, mo tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sókè. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó ní ṣé kí òun tẹ̀ síwájú, Y tàbí N.

Ìka mi ti wà lórí Y. N kò mọ ohun tó dá mi dúró. Bóyá ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni. Mo gbé ojú sókè, mo kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn wọ̀nyí ni òun yóò yọ kúrò, orúkọ wọn sì kún ojú ẹ̀rọ. Mo rí orúkọ ètò ìkọ̀wé náà láàárín wọn. Mo fa ọwọ́ mi kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù.

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Nígbà tí o wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Àgọ́-Ìwòyè níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbà kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń jẹ́ Kọ́láwọlé. Ọdún tó kẹ́yìn ló wà. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lórí àwọn tó ń gé agẹdú nínú igbó Ìjẹ̀bú láyé àtijọ́. Ó ti lọ jókòó ti àwọn àgbà tó ṣe iṣẹ́ náà, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Orí méjì àkọ́kọ́ wà nínú ìwé rẹ̀. Orí kẹta, ẹnu ló fi ń pè é tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́, odidi ọjọ́ mẹ́rin. Ìwọ náà á jókòó sórí àpótí, wàá máa gbọ́ ìtàn bí igi ìrókò ṣe ń wó.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọkùnrin kan tó ń gbé díìsìkì kiri wọlé. Ó ní òun ní ètò kan tí yóò mú kí kọ̀ǹpútà mi máa sáré, ọ̀fẹ́ sì ni, kí n ṣáà máa júwe òun fún ẹlòmíràn. N kò béèrè ibi tó ti rí i. N kò da iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kọ sí ibòmíràn. Mo fi díìsìkì náà sínú ẹ̀rọ, gbogbo ohun tó bi mí, “bẹ́ẹ̀ ni” ni mo ń tẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo fáìlì ti ṣófo. Orúkọ wọn wà, kò sí nǹkan kan nínú wọn.

Kọ́láwọlé dé. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, “Iná ló ṣe é. Iná wá lójijì, ó sì ba ẹ̀rọ jẹ́.”

Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí. Ó ní, “Kò burú, Mà. Kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí ọ̀rọ̀ iná.” Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde.

Nígbà tó lọ tán, ìwọ lo bi mí pé, “Màmá, ṣé iná wá lóòótọ́ ni?” Mo jágbe mọ́ ọ. Mo ní kí o lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ. O lọ. O kò bi mí mọ́ láti ọjọ́ náà. Kọ́láwọlé kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní láti dúró ọdún kan sí i. Nígbà tó padà lọ bá àwọn àgbà yẹn, ọ̀kan nínú wọn ti kú.

Ohun tó fa ọwọ́ mi kúrò lórí Y lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mo pè ọ́. O ní, “Màmá, ẹ má tẹ nǹkan kan. Ẹ kà á sí mi létí.” Mo kà á. O ní, “Ẹ tẹ N. Kò tíì yọ nǹkan kan.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Kí ló dé tó fi fẹ́ kó gbogbo ẹrù ilé jáde?”

O ní, “Mi ò mọ̀ o, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n lọ kà nípa ẹ̀. Màá pè yín padà.”

Kó tó di Màgàríbì, o pè. O ṣàlàyé pé irú Línúùsì mìíràn ni wọ́n kọ àṣẹ wọ̀nyẹn fún, pé lẹ́tà tí mo ń wá wà nínú ilé ìsọ̀ tèmi pẹ̀lú orúkọ mìíràn. A pa ohun tí àwọn àṣẹ náà ti fi kún ẹ̀rọ rẹ́, a wá orúkọ yẹn, ó sì wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lárúbáwá náà jókòó sórí ìwé bí ẹni pé kálámù ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà Lárúbáwá kọ́ ni n kò lè gbàgbé. “Mi ò mọ̀” tí o sọ yẹn ni. Ó jáde lẹ́nu rẹ wẹ́rẹ́, láìsí ìtìjú, ìwọ tí o kàwé gboyè lórí nǹkan yìí. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́, n kò sọ ọ́ fún oníbàárà kan rí. Bí mo bá ti sọ ọ́ fún ọkùnrin onídíìsìkì yẹn, bí mo bá sọ fún un pé, “Mi ò mọ ohun tí èyí ń ṣe, gbé e lọ,” Kọ́láwọlé ì bá ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Mo jókòó, mo ń wo fóònù lọ́wọ́ mi. Mo bi ara mi pé ta ló kọ́ ọmọ yìí ní òtítọ́. Kì í ṣe èmi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Obìnrin kan tó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ Kọ́láwọlé nígbà náà ń kọ́ni níbẹ̀ báyìí. Mo sọ fún un pé mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá Kọ́láwọlé sọ. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ná, ó sì fún mi ní nọ́ńbà.

Mo pè é. Mo ní, “Èmi ni ìyá tó ń tẹ̀wé ní Àgọ́ nígbà náà.”

Ó ní, “Ìyá Rọ́fíátù! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Mà!”

Mo ní kó má tíì kí mi. Mo ní, “Kọ́láwọlé, kì í ṣe iná ló ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Èmi ni. Mo fi díìsìkì tí n kò mọ̀dí rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, mo sì purọ́ fún ọ.”

Ó ní, “Mo mọ̀, Mà. Kò síná rárá ní Àgọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Jẹnẹrétọ̀ yín ló ń dún nígbà tí mo wọlé. Mo rò pé ẹ máa sọ fún mi nígbà tó bá yá. Mo tún yà lọ́dọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kúrò ní Àgọ́, mo ní mo wá kí yín.”

Mo rántí, Àbẹ̀kẹ́. Ó wá lóòótọ́. Mo fún un lómi tútù, mo sì ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ fún un.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. Ó ní òun ti ṣe é tipẹ́, ṣùgbọ́n inú òun dùn pé òun gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo na fóònù sí bàbá rẹ. Òun ló bá a dágbére. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ohun tí wọn kò sọ fún wa ni pé ẹni tó purọ́ náà ló ń rìn ní gbogbo ogún ọdún yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì ń ro ó.

Bí iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé kan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ nínú yàrá yẹn, tí yóò bàjẹ́, nítorí ẹ̀rọ àtijọ́ ni wọ́n, sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé ìwọ ni. Máa da iṣẹ́ wọn kọ sí ibòmíràn kí o tó fi ọwọ́ kan nǹkan. Ìbéèrè tí mo sì fi ìgbe lé dànù lẹ́nu rẹ lọ́jọ́ yẹn, mo ti dáhùn rẹ̀ báyìí. Rárá, iná kò wá. Má bínú sí ìyá rẹ.

Ìwé Àlùfáà jáde. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé e. Wọ́n ní, “Ìyá Rọ́fì, àmì orí orúkọ bàbá mi yìí, òkè ló yẹ kó lọ.” Mo tún un ṣe níṣojú wọn. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi, mo ní Rọ́fíátù ni. Wọ́n ní, “Ọmọ tó kọ́ ìyá rẹ̀ tí kò fi í ṣẹ̀sín, Ọlọ́run yóò máa fi ẹni tí yóò kọ́ òun náà sí ọ̀nà rẹ̀.” Mo ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n pín ìwé náà lọ́jọ́ wólímọ̀, èyí tó kù kò tó kó sínú àpò.

N kò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà mọ́. Jẹ́ kí n fi ẹyọ kan tó kù sí i. Òun ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ tí o sọ pé kí o kàn ṣe gbogbo rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ yẹn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí o kọ́ mi ní bí a ṣe ń fi ètò sórí ẹ̀rọ, ètò kékeré tí bàbá rẹ fi ń gbọ́ Kùránì ni a fi bẹ̀rẹ̀. O dúró lẹ́yìn àga mi, o sì ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Mo rí i, ó bí mi nínú. Mo rò pé ìgbéraga ni, pé o fẹ́ máa pàṣẹ fún mi. Mo ń wá orúkọ ètò náà, n kò rí i; mo ṣì í kọ, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Mo gbọ́ tí o mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. O lè na ọwọ́ kí o tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ká sì lọ jẹun. O kò ṣe é. Mo yíjú wò ọ́, mo rí i pé ńṣe ni o fi ọwọ́ kan di ọwọ́ kejì mú.

Nígbà tí ètò náà ṣí, tí ohùn kíkà sì jáde, bàbá rẹ sáré wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń ké pé, “Rọ́fíátù, o ti ṣe é?”

O ní, “Èmi kọ́, Bàbá. Màmá ni.”

Ọmọ mi, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ṣe nǹkan fún mi láyé. Ìwọ lo kọ́kọ́ dúró dè mí kí n ṣe é fúnra mi. Bí o bá wọ yàrá yẹn lọ́jọ́ Ajé, tí àgbà olùkọ́ tó fi ọ́ rẹ́rìn-ín bá ń wá lẹ́tà kan tí kò rí, tí ọwọ́ rẹ sì ń yún ọ, di ọwọ́ rẹ mú. Yóò rí i.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ lójú omi àti lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Kí iṣẹ́ rẹ má ṣe di ẹtì. Bàbá rẹ ní kí o má gbàgbé láti jẹun lásìkò.

Èmi ni, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ àkọ́kọ́,

Ìyá rẹ.